Svante Pääbo, Egungun Àtijọ́ àti Ipò Yorùbá nínú Ìtàn Ìran Ènìyàn

Ní oṣù Kàrún-ún ọdún 2010, jọ́nà Science tẹ ìwádìí kan jáde lórí jínómù àwọn Neandertal, ìyẹn àwọn ènìyàn àtijọ́ tí wọ́n gbé ní Yúróòpù àti ìwọ̀-oòrùn Éṣíà kí wọ́n tó pòórá ní nǹkan bí 40,000 ọdún sẹ́yìn. Àwọn tó kọ ọ́ lé ní 50. Svante Pääbo, ọmọ Sweden tó ń ṣiṣẹ́ ní Leipzig ní Jámánì, ni aṣáájú wọn. Kí wọ́n lè mọ bí àwọn Neandertal ṣe bá wa tan, wọ́n ka jínómù ènìyàn márùn-ún tó wà láyé lóde òní láti fi wé tiwọn: ọmọ San kan láti gúúsù Áfíríkà, ọmọ Papua New Guinea kan, ọmọ Han kan láti Ṣáínà, ọmọ Faransé kan, àti ọmọ Yorùbá kan.

Ọ̀rọ̀ ọmọ Yorùbá yìí ni ó bí àpilẹ̀kọ yìí. A ti kọ púpọ̀ lórí orírun Yorùbá láti inú ìtàn ẹnu, láti inú oríkì àti ẹsẹ Ifá, àti láti inú ìwé The History of the Yorubas tí Samuel Johnson kọ, èyí tó jáde ní 1921 tó sì wá orírun wa lọ sí ìlà-oòrùn. Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà tí àwọn ẹlòmíràn ń fi orúkọ wa kọ, ní èdè ìṣirò àti ti kẹ́mísìrì, tí àwa tí a ń ṣe ìmọ̀ Yorùbá kì í sábà kà. Láti kà á bó ti yẹ, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tó la ọ̀nà rẹ̀ àti bó ṣe là á.

Stockholm ni wọ́n bí Pääbo sí ní 1955. Ìyá rẹ̀, Karin Pääbo, jẹ́ onímọ̀ kẹ́mísìrì tó sá wá sí Sweden láti Estonia. Bàbá rẹ̀ ni Sune Bergström, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn ní 1982. Ṣùgbọ́n Bergström ní ìyàwó àti ọmọ nílé rẹ̀, ìkọ̀kọ̀ ni ó sì ti ń wá wo ọmọ yìí. Orúkọ ìyá ni ọmọ náà ń jẹ́ títí di òní. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 13, ìyá rẹ̀ mú un lọ sí Íjíbítì, ọ̀rọ̀ àwọn òkú àtijọ́ tí wọ́n fi aṣọ dì sì wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ìmọ̀ nípa Íjíbítì àtijọ́ ni ó kọ́kọ́ lọ kọ́ ní Yunifásítì Uppsala. Ibojì àti ìwalẹ̀ ni ó ń retí; gírámà ni wọ́n fún un, bí ọ̀rọ̀-ìṣe ṣe ń yí padà nínú èdè àwọn Fáráò. Kò pẹ́ tó fi sá fún un. (Àwa onímọ̀ èdè yóò forí jì í.) Ó yà sí ìmọ̀ ìṣègùn, lẹ́yìn náà sí ìmọ̀ nípa àwọn èròjà kéékèèké inú sẹ́ẹ̀lì. Iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀, tó parí ní 1986, dá lórí bí fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní adenovirus ṣe ń fara pamọ́ fún àwọn ọmọ ogun inú ara.

Ṣùgbọ́n lábẹ́lẹ̀, iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe. Kò sí ẹni tó mọ̀ nígbà náà bóyá DNA lè ṣẹ́kù nínú ẹran ara tó ti gbẹ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Pääbo ra ẹ̀dọ̀ màlúù lọ́jà, ó gbé e sínú ààrò inú yàrá àyẹ̀wò, ó sì jẹ́ kó gbẹ títí ó fi le bí ẹran ara òkú Íjíbítì. Òórùn ni ó tú àṣírí rẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. DNA ṣì wà nínú ẹ̀dọ̀ gbígbẹ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti já sí wẹ́wẹ́. Ó wá kọjú sí àwọn òkú gan-an. Nínú 23 tó yẹ̀ wò, ọ̀kan péré, òkú ọmọdé kan tó ti kú ní nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn, ni ó mú DNA tó nílàárí jáde. Nature tẹ̀ ẹ́ ní 1985, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Òun fúnra rẹ̀ ni ó wá sọ nígbà tó yá pé ó ṣeé ṣe kí DNA náà jẹ́ ti ẹni òde òní kan tó fọwọ́ kan òkú náà.

Iṣẹ́ yẹn gbé e dé Berkeley ní Amẹ́ríkà, lọ́dọ̀ Allan Wilson. Yàrá àyẹ̀wò Wilson ni ó ti kọ́kọ́ yọ DNA, ní 1984, láti inú awọ quagga, ẹranko kan tó jọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà tí irú rẹ̀ sì ti run láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Láti ibẹ̀ náà ni Rebecca Cann, Mark Stoneking àti Wilson ti kọ ìwádìí ọdún 1987 tó sọ pé, bí a bá tẹ̀lé DNA maitokọ́ńdríà, èyí tí ìyá nìkan ń fi sílẹ̀ fún ọmọ, gbogbo ènìyàn tó wà láyé pàdé lọ́dọ̀ ìyá kan ní Áfíríkà ní nǹkan bí 200,000 ọdún sẹ́yìn. Ènìyàn 147 ni wọ́n lò. Wọ́n pe 20 nínú wọn ní ará Áfíríkà, ṣùgbọ́n aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ni 18 nínú 20 yẹn. Àwọn tó tako ìwádìí náà kò jẹ́ kí èyí kọjá lọ. Ìwádìí tó tẹ̀lé e fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀, ṣùgbọ́n kí òǹkàwé ṣàkíyèsí ìbéèrè tó ti yọjú: ta ni ó dúró fún Áfíríkà nínú ìṣirò, ta ni ó sì yàn án?

Ohun tó yà Pääbo sọ́tọ̀, lójú tèmi, kì í ṣe pé ó tètè rí DNA àtijọ́. Ìfura rẹ̀ ni. Nígbà tí ọgbọ́n PCR dé, ìyẹn ọ̀nà tí a fi ń sọ ẹyọ DNA kan di àìmọye ẹ̀dà láàrin wákàtí díẹ̀, ńṣe ni DNA àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú níbi gbogbo: nínú ewé tó ti di òkúta, nínú kòkòrò tó há sínú oje igi láti ayé àwọn dáínásọ̀. Ní 1994, àwọn kan kéde nínú Science pé àwọn ti rí DNA nínú egungun tó ti tó 80 mílíọ̀nù ọdún. Nígbà tí àwọn mìíràn, tí ẹgbẹ́ Pääbo wà lára wọn, yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, DNA ènìyàn ni wọ́n bá níbẹ̀. PCR kò mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé. Ohun tó bá bá pàdé ni ó ń sọ di púpọ̀, ì báà jẹ́ ìfọ́ awọ ara ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò gan-an.

Ìdààmú yìí le jù lọ fún ẹni tó bá ń wá ènìyàn. Bí DNA ọmọ ènìyàn bá kó wọ inú egungun erin àtijọ́, onímọ̀ yóò mọ̀ pé àlejò ni. Ṣùgbọ́n Neandertal jọ wá débi pé, ní ibi púpọ̀ nínú jínómù, lẹ́tà tiwọn àti tiwa kò yàtọ̀ rárá. Nítorí náà ni Pääbo, láti Munich níbi tó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ní 1990, fi ṣe òfin tí àwọn kan kà sí àṣejù: yàrá ọ̀tọ̀ tí DNA mìíràn kò gbọdọ̀ wọ̀, aṣọ tó bo ara láti orí dé ẹsẹ̀, iná tó ń ba DNA jẹ́ tí wọ́n ń tàn sí yàrá lóru, àti pé kò sí èsì tó tó èsì àyàfi tí yàrá àyẹ̀wò kejì, ní ìlú mìíràn, bá rí irú rẹ̀.

Òfin wọ̀nyí ni ó gbé iṣẹ́ ọdún 1997 ró. Egungun tí àwọn awakùsà rí ní 1856 ní àfonífojì Neander nítòsí Düsseldorf, èyí tí irú àwọn ènìyàn náà ti gba orúkọ, wà ní ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé ní Bonn. Wọ́n gé gírámù 3.5 láti inú egungun apá ọ̀tún rẹ̀. Matthias Krings, akẹ́kọ̀ọ́ Pääbo, to DNA maitokọ́ńdríà rẹ̀ pọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ní lẹ́tà 379. Anne Stone tún iṣẹ́ náà ṣe ní Amẹ́ríkà, ó sì rí ohun kan náà. Ní ibi tí ènìyàn méjì tó wà láyé lónìí ti ń fi lẹ́tà 8 yàtọ̀ síra ní ìpíndọ́gba, lẹ́tà 27 ni Neandertal fi yàtọ̀ sí wa. Kò jọ ẹnikẹ́ni nínú wa, kò sì sún mọ́ àwọn ará Yúróòpù ju àwọn tó kù lọ.

Ó dà bí ẹni pé ẹjọ́ ti parí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ìyá nìkan ni maitokọ́ńdríà ń tọ̀. Ẹni tó bá ń wá ìtàn ìdílé kan, tí kò béèrè ju ìyá, ìyá ìyá, àti ìyá ìyá ìyá, yóò fi gbogbo agboolé bàbá sílẹ̀, yóò sì fi ìyá bàbá àti bàbá ìyá sílẹ̀ pẹ̀lú. Láti mọ̀ bóyá àwọn baba ńlá ẹnikẹ́ni dà pọ̀ mọ́ Neandertal, inú jínómù tó kù ni ó yẹ kí a wò, lẹ́tà bílíọ̀nù mẹ́ta.

Ní ọdún 1997 náà ni Pääbo lọ sí Leipzig láti wà lára àwọn tó dá ilé-ẹ̀kọ́ Max Planck fún ìmọ̀ nípa ìdàgbàsókè ìran ènìyàn sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ èdè wà níbẹ̀ lábẹ́ Bernard Comrie, àwọn tó ń wo ìṣe ìnàkí wà níbẹ̀, àwọn tó ń wo egungun náà sì wà níbẹ̀. Láàrin ọdún wọ̀nyí ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ lórí jíìnì FOXP2, tí àbùkù rẹ̀ máa ń dí ọ̀rọ̀ sísọ lọ́wọ́. Ní 2002 wọ́n fi hàn pé ibi méjì ni èròjà tí jíìnì náà ń pèsè ní ara ènìyàn fi yàtọ̀ sí ti ìnàkí. Ní 2007 wọ́n rí i pé àwọn Neandertal ní àyípadà méjèèjì bíi tiwa. Àwọn ìwé ìròyìn pè é ní jíìnì èdè. Orúkọ yẹn ti pọ̀ jù fún un.

Iṣẹ́ jínómù Neandertal bẹ̀rẹ̀ ní gbangba ní 2006, nígbà tí àwọn ẹ̀rọ tuntun tó lè ka àìmọye DNA kéékèèké lẹ́ẹ̀kan náà dé. Egungun mẹ́ta láti ihò Vindija ní Croatia ni wọ́n lò jù. Ohun tó ju ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún DNA inú egungun bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó ni egungun. Ti bakitéríà inú ilẹ̀ ni. Àbàwọ́n sì tún wọlé: ní 2007 àwọn mìíràn fi hàn pé DNA ènìyàn òde òní pọ̀ nínú èsì tí ẹgbẹ́ Pääbo kọ́kọ́ tẹ̀ jáde. Wọ́n tún iṣẹ́ ṣe. Ní 2010 wọ́n ní lẹ́tà bílíọ̀nù mẹ́rin.

Ìṣirò tí wọ́n fi yanjú ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro láti lóye. Mú ènìyàn méjì tó wà láyé. Wá ibi tí lẹ́tà wọn ti yàtọ̀. Fi ìnàkí mọ èyí tó jẹ́ lẹ́tà àtijọ́ àti èyí tó jẹ́ tuntun. Kí o wá wo ẹni tí Neandertal bá dọ́gba níbi tí lẹ́tà ti jẹ́ tuntun. Bí àwọn Neandertal bá ti yà kúrò lára wa kí gbogbo wa tó pínyà, tí kò sì sí àdàpọ̀ lẹ́yìn náà, wọn kò gbọdọ̀ sún mọ́ ẹnì kan ju ẹnì kejì lọ. Láàrin ọmọ San àti ọmọ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi ọmọ Faransé wé ọmọ Yorùbá, Neandertal sún mọ́ ọmọ Faransé jù. Ọmọ Han náà rí bẹ́ẹ̀, ọmọ Papua náà rí bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò rí egungun Neandertal kankan ní Papua rí. Èyí túmọ̀ sí pé àdàpọ̀ ti ṣẹlẹ̀ kí àwọn tó jáde kúrò ní Áfíríkà tó tàn káàkiri. Wọ́n ṣírò rẹ̀ sí ìdá 1 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún jínómù àwọn tí kì í ṣe ará Áfíríkà. Pääbo kò retí rẹ̀. Èrò tirẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé àdàpọ̀ kò sí.

Nínú ìṣirò yìí, Yorùbá ni òdo. Òun ni ìwọ̀n tí wọ́n fi wọn àwọn tó kù.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a bi ara wa nípa òdo yìí. Èkínní rọrùn: kò sí Yorùbá kankan láyé nígbà tí Neandertal wà. Kódà, gẹ́gẹ́ bí orúkọ tó kó Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Èkìtì àti àwọn tó kù pọ̀, ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ó fìdí múlẹ̀. Orúkọ tí ó wà nínú ìwé ọdún 2010 jẹ́ orúkọ ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní ayé òde òní, kì í ṣe orúkọ àwọn tó bí àwọn baba ńlá rẹ̀ ní 50,000 ọdún sẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé yìí ti ìtàn Johnson lẹ́yìn, tàbí tó fẹ́ fi wó o, ti ṣìnà.

Èkejì ni ọ̀nà tí orúkọ náà gbà dé ibẹ̀. Inú àkójọ sẹ́ẹ̀lì kan tó wà ní Paris, tó ní ènìyàn tó lé ní 1,000 láti gbogbo ayé, ni ti ìwé 2010 ti wá. Ṣùgbọ́n èyí tó sọ orúkọ Yorùbá di mímọ̀ jù lọ láàrin àwọn onímọ̀ jínómù ni iṣẹ́ HapMap tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002. Ènìyàn 270 ni wọ́n lò: 90 láti Ìbàdàn, tí wọ́n jẹ́ ìdílé 30 ti bàbá, ìyá àti ọmọ, 90 láti Utah ní Amẹ́ríkà, 45 láti Tokyo, 45 láti Beijing. Charles Rotimi, tó wà ní Yunifásítì Howard nígbà náà, àti Clement Adebamowo ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn tó bá àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹnikẹ́ni. Láti inú ìjíròrò bẹ́ẹ̀ ni òfin kan ti jáde tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá mọ̀: kí wọ́n máa pe àwọn ènìyàn náà ní Yorùbá ní Ìbàdàn, Nàìjíríà. Wọn kò gbọdọ̀ kàn pè wọ́n ní ará Áfíríkà, tàbí ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tàbí ọmọ Nàìjíríà, àní tàbí Yorùbá lásán, nítorí àádọ́rùn-ún ènìyàn láti Ìbàdàn kò lè dúró fún Kétu tàbí Ìkálẹ̀, ká má tilẹ̀ sọ ti Hausa tàbí Kíkúyù. Ẹni tó bá ka àwọn jọ́nà jínómù yóò rí bí wọ́n ti ń pa òfin yìí tì. Nígbà tí Nature tẹ jínómù ọkùnrin kan lára àwọn ará Ìbàdàn yìí jáde ní 2008, ọ̀kan nínú àwọn jínómù ẹnìkọ̀ọ̀kan tí wọ́n kọ́kọ́ kà tán láyé, jínómù Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ ìròyìn pè é.

Ẹ̀kẹta ni ó ní ewu jù nínú ìmọ̀ fúnra rẹ̀. Bí a bá fi ohun kan ṣe òdo, a kò lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́. Láàrin ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn 2010, ọ̀nà ìṣirò púpọ̀ ni ó fi àwọn ará Áfíríkà, àwọn Yorùbá Ìbàdàn ní pàtàkì, ṣe ẹni tí kò ní DNA Neandertal, tí wọ́n sì ń tipa bẹ́ẹ̀ wá a lára àwọn tó kù. Ní 2020, ẹgbẹ́ Joshua Akey ní Princeton lo ọ̀nà tí kò gbà bẹ́ẹ̀ ṣáájú. Wọ́n rí nǹkan bí lẹ́tà mílíọ̀nù 17 láti ọ̀dọ̀ Neandertal nínú jínómù àwọn ará Áfíríkà tí wọ́n yẹ̀ wò, ti Yorùbá Ìbàdàn wà lára wọn, ìyẹn bí ìdá 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Àlàyé wọn ni pé àwọn kan tí àwọn baba wọn ti jáde tún padà wá sí Áfíríkà, wọ́n sì mú DNA náà wá. Ó kéré, ṣùgbọ́n kì í ṣe òdo. Kò bi èsì ọdún 2010 ṣubú; ó kàn fi hàn pé òdo náà jẹ́ àbá tí àwọn onímọ̀ gbé kalẹ̀, tí wọ́n wá ń lò bí ohun tí wọ́n rí.

Ní ti Pääbo, ó ti bọ́ sórí iṣẹ́ mìíràn kí àríyànjiyàn yìí tó dé. Egungun ọmọ ìka kékeré kan tí wọ́n rí ní 2008 nínú ihò Denisova ní Siberia fi ìran ènìyàn mìíràn hàn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí jínómù ṣáájú agbárí nínú ìtàn ìran ènìyàn. Ní 2020, òun àti Hugo Zeberg fi hàn pé apá kan nínú kúrómósómù kẹta, tó ń mú kí àrùn Kòrónà le lára ẹni tó bá ní i, jẹ́ ogún láti ọ̀dọ̀ Neandertal. Ó pọ̀ ní gúúsù Éṣíà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ní Áfíríkà. Ní oṣù Kẹ̀wàá 2022 ó gba ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn, òun nìkan, 40 ọdún lẹ́yìn bàbá rẹ̀.

Bí a bá wo àwòrán ilẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ibi tútù ló pọ̀ jù: Neander, Vindija, òkè Altai. Òtútù ni ó ń pa DNA mọ́. Ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa ń jẹ ẹ́. Ìdí nìyí tí ìtàn àtijọ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fi ń wá láti inú jínómù àwọn alààyè ju ti egungun lọ, tí ìṣirò sì fi ń ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ kí ẹ̀rí ṣe. Ní 2020, Arun Durvasula àti Sriram Sankararaman kọ̀wé pé ìdá 2 sí 19 nínú ọgọ́rùn-ún jínómù àwọn Yorùbá Ìbàdàn, Ẹ̀san, Mende àti àwọn ará Gambia wá láti ọ̀dọ̀ ìran ènìyàn àtijọ́ kan tí ó ti yà kúrò kí àwa àti Neandertal tó pínyà, tí a kò sì rí egungun rẹ̀ kankan. Ní 2023, àwọn mìíràn jiyàn nínú Nature pé kò sí ìran àjèjì kankan níbẹ̀: àwọn baba ńlá wa ní Áfíríkà ni wọ́n ti pín sí ẹ̀ka, tí wọ́n ń pínyà tí wọ́n sì tún ń pàdé fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ọdún. Èrò kejì yìí ni mo gbà pé ó bọ́gbọ́n mu jù, nítorí kò nílò ẹni tí a kò rí láti fi ṣàlàyé àwọn tí a rí.

Egungun kan ṣoṣo tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní ilẹ̀ Yorùbá ni èyí tí Thurstan Shaw àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ hú jáde ní 1965 nínú ihò àpáta kan nítòsí Ìsàrun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìwádìí tí Katerina Harvati àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2011 sọ pé ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàrin nǹkan bí 11,700 àti 16,300 ọdún, ṣùgbọ́n agbárí rẹ̀ gùn, ó sì rẹlẹ̀ bíi ti àwọn tó ti gbé ayé ní ìgbà tó jìnnà ju ìyẹn lọ fíìfíì. Kò tíì sí jínómù kankan tí a tẹ̀ jáde láti inú rẹ̀. Nínú ìwé àwọn onímọ̀ ìwalẹ̀, Iwo Eleru ni wọ́n ti ń kọ orúkọ ibẹ̀ láti ọdún pípẹ́, títí àwọn kan fi tọ́ka sí i láìpẹ́ yìí pé Ihò Eléérú ni.